Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Wífì Yìí?

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀: èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo kàwé dé kíláàsì kẹfà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ta àǹkárá lọ́jà Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Mo ń bá ẹni tó ti Nàìjíríà wá ná ọjà, mo ń bá ti Kùtọ̀nú ná an ní èdè Fọ̀n, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ rí. Nítorí náà, kí ọmọdé kan jókòó sínú yàrá tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kó máa bi mí bóyá mo ti ki wáyà bọ ògiri, ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ wífì ni. Wífì ilé wa ló kú lọ́jọ́ Sátidé, lọ́jọ́ tí kò yẹ kó kú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Mansour ni. Ó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Libreville, ní ilẹ̀ Gabon, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ níbẹ̀ rèé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìyàwó rẹ̀, Rachidatou, fi ń wá ọmọ. Mélòó ni mo fẹ́ kà nínú ààwẹ̀ tí mo gbà? Nígbà tó yá, Ọlọ́run ṣe é, ó bí ọkùnrin. Sátidé yẹn ló pé ọjọ́ mẹ́jọ, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá Mansour, ọkọ mi, ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá wọn. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní owó ọkọ̀ ẹnì kan ló wà nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Mansour, ìwọ á máa wò wá lórí fóònù, bíi pé o wà níbẹ̀ ni." Mo gbà. Kí ni kí n ṣe? Rachidatou kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọmọ náà ní fọ́tò kó tó lórúkọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ojú ayé pọ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò tíì rí ojú ọmọ ọmọ mi. Aago mẹ́wàá Sátidé ni mo máa kọ́kọ́ rí i.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo wọ pálọ̀. Mo ti wọ bùbá tuntun, mo ti tẹ́ ẹní, mo ti gbé fóònù ńlá tí Mansour fi ránṣẹ́ tì mọ́ agolo mílíìkì kó lè dúró. Mo wo àpótí wífì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Iná mẹ́rin ló máa ń tàn lára rẹ̀, gbogbo wọn a máa rí bí ewé tútù. Lọ́jọ́ náà, mẹ́ta rí bẹ́ẹ̀, ìkẹrin pupa, ó ń ṣẹ́jú sí mi.

Ẹ ó ní ṣé kò sí dátà lórí fóònù ni. Ó wà. Ṣùgbọ́n ilé ògbólógbòó ni ilé wa, ògiri amọ̀ tó nípọn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì jìnnà débi pé níta pàápàá kò yàtọ̀. Ohùn lè wọlé ní tirẹ̀, àwòrán kò lè wọlé, a máa dúró gan-an bí ẹni tó rí ejò. Nítorí rẹ̀ la ṣe gba wífì.

Mo pa á. Ọkùnrin tó wá so wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri ló kọ́ mi pé kí n pa á, kí n ka ọgbọ̀n, kí n tún tan án. Mo fi tẹ̀sùbáà ka "Subuhánalláhì" ọgbọ̀n, kó má baà di pé mo sáré kà á. Mo tan án. Pupa. Mo yọ wáyà tín-ínrín tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, mo nù ún, mo ki í padà. Pupa. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tí wọ́n máa ń fi nǹkan ṣóńṣó tẹ̀. Mo yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ro mí. Gbogbo iná kú, gbogbo iná jí, pupa náà tún padà síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ó yá, mo pe ilé iṣẹ́ tó ni wífì. Ẹ tẹ ọ̀kan fún Faransé, ẹ tẹ èjì fún Fọ̀n, ẹ tẹ ẹ̀ta fún Nàgó. Mo ní alihamudulilai, tiwa náà wà níbẹ̀. Mo tẹ ẹ̀ta. Wọ́n fi orin sí i. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo, tó bá parí wọn a tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó tó ìgbà kan tí mo ń mirí sí i láìmọ̀, ni mo bá bú ara mi.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Aïcha lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

Ohùn ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Ọmọ Yorùbá gidi! Ọkàn mi balẹ̀.

"Aïcha, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Iná pupa ló wà lára wífì mi. Aago mẹ́wàá la fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, jọ̀ọ́ bá mi wò ó."

"Kò burú, ìyá. Ṣé ẹ ti ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri?"

"Bí mi ò bá ki í bọ ògiri, ibo ni iná pupa yóò ti wá?"

"Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún tan án?"

"Mo pa á, mo tan án, mo yọ wáyà, mo ki wáyà, mo fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́yìn. Ó ku kí n wẹ̀ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n ṣí fáìlì yín. Orúkọ ta ló wà lórí kọ́ńtírà, ìwé àdéhùn yín?"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá ọkọ mi ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wífì wá, ọkùnrin tó fẹ́ so ó bèèrè ẹni tí yóò kọ sínú ìwé. Mo ti ń la ẹnu. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, èmi ni mo ń ti ọjà mi sanwó rẹ̀. Bàbá Mansour ní, "Bàbá wà láyé, wọ́n jókòó sílé, ká wá fi orúkọ ọmọdé síwájú? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é nílé wa. Mítà iná, ẹ̀rọ omi, oko Okpomèta, orúkọ bàbá ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbà ọ̀hún kò mọ wífì yàtọ̀ sí àwo ọbẹ̀, wọ́n na káàdì ìdánimọ̀ wọn síta, wọ́n tẹ̀ka. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́run pè wọ́n. A sin wọ́n, a ṣe fìdáù. Ta ló máa wá rántí wífì?

Èmi ò sì ń pe orúkọ yẹn. Ìyàwó wo ló ń la ẹnu pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Lọ́jọ́ kejì tí mo wọ ilé wọn, mò ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, mi ò jẹun láti àná. Bàbá fi ọwọ́ ara wọn yan àgbàdo, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n gbé e wá bá mi. Wọ́n ní, "Ẹkún kò ṣe é sun nínú ebi. Jẹ eléyìí, kó o tó máa bá a lọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Bàbá Alágbàdo. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nínú ilé yẹn títí di Sátidé tí mò ń wí yìí, orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n kò ti ẹnu mi jáde rí. Ẹ̀yin náà, ẹ má wulẹ̀ máa wá a níbí, ẹ ò ní rí i.

"Bàbá ọkọ mi ló ni ín," mo sọ fún Aïcha.

"Orúkọ wọn, ìyá?"

"Bàbá Alágbàdo."

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. "Kò sí Alágbàdo níbí."

"Mo mọ̀ pé kò lè sí níbẹ̀! Aïcha, ọmọ Àjàṣẹ́ ni ẹ́, àbí irọ́ ni mo pa? Ṣé ìyá rẹ ń pe bàbá bàbá rẹ lórúkọ?"

Ó mí kanlẹ̀. "Rárá, ìyá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀. Bí ẹ ò bá pe orúkọ tó wà nínú ìwé, mi ò gbọdọ̀ ṣí fáìlì."

"Mo ní nọ́mbà kọ́ńtírà lọ́wọ́. Mo ní nọ́mbà káàdì wọn."

"Ẹ ó fi orúkọ kún un. Bí ó bá ṣòro, ẹ pè é ní lẹ́tà lẹ́tà."

"Ejò tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ ńkọ́, kì í ṣe ejò mọ́?"

"Ó dáa, ìyá. Kí ẹni tó ni kọ́ńtírà bá wa sọ̀rọ̀ fúnra wọn."

"Wọ́n ti kú."

"Háà. Ẹ kú àṣẹ̀hìndè, ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ó tún ń tẹ nǹkan. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ní láti yí orúkọ padà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú mi ni pé kí oníkọ́ńtírà wá sí ilé iṣẹ́ wa pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀."

"Ta ni kó wá?"

"Oníkọ́ńtírà."

Ẹ gbà mí! Kí n lọ jí Bàbá Alágbàdo lábẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n gbọn erùpẹ̀ dànù, kí wọ́n wá tò síwájú fèrèsé wọn! Mo sọ fún un pé, "Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Iná pupa ni mo bá wá, ẹ ń bi mí ní orúkọ òkú." Ó ní ìyá, ẹ má bínú. Kí ló tún fẹ́ kí n ṣe, kí n yọ̀?

Mo wo aago. Mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mo ké sí Huguette láti ojú fèrèsé. Aládùúgbò wa ni, aránṣọ, ọmọ Fọ̀n láti Abomey, onínúure ni. Ó sáré wọlé ti òun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo ní kó fi fóònù tirẹ̀ wá ọmọ ilé wa kan fún mi, ẹnikẹ́ni tó lè pe orúkọ yẹn láìsí èèwọ̀, nígbà tí mo dá Aïcha dúró lórí tèmi. Ó pe àbúrò ọkọ mi, èyí tí mò ń pè ní Akọ̀wé. Akọ̀wé wà lóko ní Okpomèta, fóònù rẹ̀ kú. Ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Kpankou. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe Bàbá Mansour ní Libreville. Ó dún dé òpin. Wọn á máa gé èékánná, wọn á máa wá bàtà, mo mọ̀ wọ́n.

Huguette ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Mú ìwé náà wá." Ó wo kọ́ńtírà, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe orúkọ náà ketekete, tòun ti àpèlé.

"Ohùn yìí yàtọ̀," Aïcha wí. "Ta ni yẹn?"

"Aládùúgbò wọn ni mí," Huguette dáhùn. Kò mọ irọ́ pa, ìṣòro tirẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ má bínú, mọ̀dáàmù, a kì í ṣí fáìlì fún aládùúgbò. Ẹbí nìkan ni."

Huguette na fóònù padà sí mi, ojú tì í bíi pé òun ló ba wífì jẹ́. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mansour ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi kékeré tí mo máa ń gbé lọ sọ́jà: "Ìyá, ṣé ẹ ti jókòó?"

Ẹ dá mi lẹ́bi tó bá wù yín. Fọ́tò bàbá wà lára ògiri pálọ̀, wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Mo so ìró mi le. Mo kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò náà, fóònù wà létí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Nítorí àrọ́mọdọ́mọ yín ni." Mo sì pe orúkọ náà. Mo pè é tán, mo fi ti bàbá wọn kún un bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹyin lohùn, mo gbọ́ bó ṣe fọ́ nílẹ̀. Huguette di ejìká mi mú.

"Ẹ ṣeun, ìyá," Aïcha wí jẹ́jẹ́. Ó tẹ nǹkan. Ó tún tẹ nǹkan.

"Aïcha?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni?"

"Kì í ṣe ti ilé yín. Kátàpílà tó ń tún ọ̀nà ṣe ló gé wáyà ńlá lábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo agbègbè yín ni kò ní. Wọ́n ti kọ ọ́ síbí láti aago márùn-ún ìdájí. Ó máa tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó so ó padà."

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀ tìbínú tìbínú.

"Láti aago márùn-ún ìdájí! O mú mi kúnlẹ̀, o gba orúkọ tí mo fi pamọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, kó o lè wá sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó o lè ṣe?"

"Ìgbà tí mo ṣí fáìlì ni mo rí i, ìyá. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Orin tí ẹ fi ń dá wa lóhùn ńkọ́? Ogún ìṣẹ́jú! Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo yín tó lè sọ̀rọ̀ sínú orin yẹn pé, ẹ̀yin ará Kétu, wáyà ti já, ẹ máa lọ sílé yín? Ẹnì kan péré!"

Mo gbọ́ tó fa ikun imú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún ọ̀gá. Ó ní, "Ìyá, èmi náà wà nílé ọkọ. Mi ò lè pe ti bàbá ọkọ tèmi." Èyí wá bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí mi ò tún lè bú u mọ́. Ojú ní í rójú ṣàánú, wọ́n wá fi àwa méjèèjì sí ibi tí ojú kò ti rí ojú.

Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ lórúkọ nìyẹn, etí ni mo fi lọ. Fóònù kékeré, ohùn lásán. Mo gbọ́ Àfáà tó ń ṣàdúà. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Mansour nígbà tó pe orúkọ ọmọ. Orúkọ bàbá tirẹ̀, èyí tó wà lórí kọ́ńtírà, ló fún un, a ti fẹnu kò sí i tẹ́lẹ̀. Gbogbo yàrá gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pè é léraléra. Ọmọ ké. Ẹ wo bí ẹkún rẹ̀ ṣe nípọn! Mansour wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Ìyá, ó kan yín. Ẹ fún un ní orúkọ tiyín."

"Alágbàdo," mo ní.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń sunkún, wọ́n ní ayọ̀ ni. Kì í ṣe ayọ̀. Inú ló ń bí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, èmi ń wo iná pupa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi láti ilé iṣẹ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọ̀gbẹ́ni," ó pe orúkọ òkú gbáà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó pè wọ́n, ó ní kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó sí iṣẹ́ wọn, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Mo fi han Huguette. Huguette ní kí n fún wọn ní òdo. Òdo kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iná náà padà dà bí ewé. Mo rí ọmọ. Iwájú orí Bàbá Alágbàdo ló gbé wá, gbàgàdà báyìí. Mo wò ó títí. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Bàbá Mansour, mo ní lọ́la ni mò ń lọ bá àwọn èèyàn yẹn lójúkojú. Ó ní, "Kí ló dé tó ò lè dúró kí n dé?"

"Mo ti dúró dè yín ní Sátidé," mo ní.

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, mo gbé ìwé ikú bàbá, mo gbé kọ́ńtírà, mo gbé káàdì ìdánimọ̀ tèmi, ó di ọ̀dọ̀ aṣojú wọn nítòsí ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Barnabé ni wọ́n ń pe ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó yẹ ìwé wò, ó mi orí, ó ní òkú kò lè ní wífì. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní Kùtọ̀nú.

Ó gbé bírò. "A ó pa ti bàbá rẹ́. Orúkọ ta ni ká wá kọ sí i? Ti ọkọ yín, àbí?"

"Rárá o. Tèmi."

"Ó dáa. Kí ni orúkọ yín, ìyá?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ní láti kọ́kọ́ wá a kàn. Nílé wa, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí kí n tó bímọ, ó wá di Ìyá Mansour. Lọ́jà, Ìyá Aláǹkárá ni mí. Ìyá tó bí mi ni ẹni ìkẹyìn tó ń pe orúkọ mi, òun náà ti kú.

"Ṣàkírátù," mo ní. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Bí iná pupa bá tún tàn, mo yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni nílé wa pè é."